Má Yọ Débórà Kúrò Lórí Ìlà

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Dei-Dei,
Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé.

Ṣeun, ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ láti gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Lórí fóònù, tí mo bá ti sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, wàá ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n pè yín padà," o ò sì ní pè. Nítorí náà mo ra ìwé ìkọ̀wé, mo jókòó sórí páálí ìṣó, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè fi rán ẹnì kan sí ọ nírọ̀lẹ́ yìí. O ò lè já lu ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ìwé tèmi ò pọ̀, o mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kẹta ni mo bá a dé. Tí o bá rí àṣìṣe, má fi báírò pupa fa ìlà sí i. Kàn kà á tán.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Nígbà tí o sọ pé ilé ìwé ńlá kan ní Life Camp ti gbà ọ́ pé kí o máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní eré sísá, gbogbo ìlà wa lọ́jà ló gbọ́, àtàwọn tó ń ta símẹ́ńtì, àtàwọn tó ń ta táìlì. Mo ní ọmọ mi ti di kóòṣì. Ẹni tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Kóòṣì bọ́ọ̀lù?" Mo ní rárá, ti eré sísá. Ó ní, "Wọ́n tún ń kọ́ èèyàn ní eré sísá? Ẹ tú ajá sí wọn, wọ́n á mọ̀ ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Débórà.

Wàá rántí pé mo gbé oúnjẹ wá fún ọ ní pápá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń wò yín. Mo rí Débórà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí o ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ń sáré bíi pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sá a lásán, kò sẹ́ni tó bá a. Lẹ́yìn náà o ní kí wọ́n tò sórí ìlà, kí wọ́n ṣe é bíi ti ọjọ́ ìdíje gan-an. O gbé pákó méjì tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, o gbá wọn pọ̀, pà. Gbogbo wọn lọ. Débórà dúró. Ìka rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó wo iwájú, kò lè gbéra. O pariwo láti ọ̀ọ́kán pé, "Ṣé o ti hù síbẹ̀ ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fi etí aṣọ nujú bíi pé òógùn ló ń nù.

Mo kó abọ́ mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sílé. Fún ọjọ́ méjì, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, o pè mí. O ní Sátidé yìí ni ìdíje yín pẹ̀lú àwọn ilé ìwé yòókù. O ní ìyá Débórà sọ fún ọ pé ẹ̀mí kan ló ń de ọmọ òun mọ́lẹ̀, pé òun máa mú un lọ sórí òkè àdúrà láti Ọjọ́rú títí di Jímọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìjẹ, láìmu. O ní ìyẹn ò tiẹ̀ kàn ọ́ mọ́, torí Ọjọ́bọ̀ tí ẹ máa fi orúkọ sílẹ̀, o máa yọ tirẹ̀ kúrò. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, "Mọ́mì, ọmọ yẹn ní ẹsẹ̀, kò ní ọkàn."

Ṣeun, mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ibi tó ti wá. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ pàápàá kó tó lọ. Mo máa sọ ọ́ báyìí.

Èmi náà sáré rí. Obìnrin tó sanra tó ń wọn ìṣó ni o mọ̀ mí sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Kàbà, kò sí ọmọbìnrin tó lè sá bá mi. Tíṣà eré wa, kí Ọlọ́run forí jì í, á di iyanrìn sínú àpò fún wa, á ní ká máa gbé e sáré gun òkè. Ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹsẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́. Rẹ̀mí tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ló máa ń tẹ̀lé mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Tí mo bá dé orí òkè, màá dúró dè é, a ó jọ sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje dé. Wọ́n fọn fèrè, mo dúró. Bí Débórà ṣe dúró gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo ṣì ní ìwé kékeré tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí nígbà yẹn. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi ló wà, mo yọ ọ́ lánàá. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà nìyí, mi ò tún un ṣe:

"N kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni lónìí. N kò jẹun. Wọ́n fọn fèrè, etí mi gbọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́. Ojú gbogbo èèyàn ń rìn lára mi bí èèrà. Tíṣà sọ lójú gbogbo wọn pé mo ní ẹsẹ̀, n kò ní ọkàn. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra fèrè. Ara mi ni mo kórìíra jù."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà yẹn.

Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn gbọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìdíje tún kù díẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ ọkàn ni kò sí, orí òkè àdúrà ni a ti máa lọ gbà á. Ó mú mi lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò jẹ, mi ò mu, mi ò sì sáré. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mò ń rò ó pé kò sí ohun tó lè dẹ́rù bà mí mọ́ láyé. Ọkàn mi le. Òótọ́ ni, ó le.

Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, Rẹ̀mí wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní, "Mi ò nílò oúnjẹ."

"Ètè rẹ ti bó. Gba àkàrà yìí, mo ti jẹ tèmi."

"Mo ní mi ò jẹ. Ṣé torí kí n lè wúwo ni?"

Ó wò mí, kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀, ó yọ òrí nínú ọ̀rá, ó fi pa mí lẹ́sẹ̀, torí ẹsẹ̀ mi ti funfun bí ẹni rin inú eérú.

Wọ́n fọn fèrè. Èmi ni mo kọ́kọ́ fò. Mo wà níwájú gbogbo wọn títí a fi dé kọ́nà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti tú, bí ìgbà tí okùn bá já lára ẹrù. Mo bojú wẹ̀yìn, Rẹ̀mí kọjá lára mi, mo fi orúnkún lélẹ̀.

Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣe mí. Ìtìjú bò mí. Mi ò lè sọ pé ebi ni. Mo ní, "Ẹ bi Rẹ̀mí ohun tó fi pa mí lẹ́sẹ̀."

Gbogbo ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dé gbogbo àdúgbò pé Rẹ̀mí fi oògùn mú mi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó lórí bẹ́ńṣì mọ́, èmi náà ò sì jókòó tì í. Bàbá rẹ̀ mú un kúrò nílé ìwé náà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn ní ìlú míì. Mi ò gbọ́ pé ó sáré mọ́. Èmi náà fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Mo máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ mi pé àìsàn ni. Irọ́ ni. Mi ò lè máa wo àyè rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì yẹn ni.

Ní ojú ewé ọjọ́ yẹn nínú ìwé kékeré mi, gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀: "Òrí lásán ni." Mo ti fi báírò pa á rẹ́. Ó ṣì hàn.

Ó ku ẹyọ kan, ìyẹn sì kàn ọ́. Nígbà tí o wà ní Púráímárì Fáìfù, ẹ ń sáré onígi tí ẹ fi ń gba igi lọ́wọ́ ara yín, igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo dúró dè ọ́ lẹ́nu géètì. Lójú àwọn tíṣà rẹ, mo wò ọ́ lójú, mo ní, "O ní ẹsẹ̀, o ò ní ọkàn." O ò sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, o ò sáré fún ilé ìwé kankan mọ́. O wá yan iṣẹ́ tí wàá fi máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí àwọn ọmọ ẹlòmíì á máa sáré. Bóyá mo fẹ́ràn láti máa fìyà jẹ ara mi ni mo ṣe ń rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń rò ó.

Ọkọ mi, dárí jì mí. Tíṣà sọ ọ́ fún mi, mo sọ ọ́ fún ọ, o ti wá gbé e dé Life Camp. Èmi ni mo mú un wọ inú ilé wa, èmi ni màá sì lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, Àjàní mi. Mo máa gbìyànjú láti fi nọ́ńbà sí i.

Èkínní. Má ya ọkàn àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Ọdún kan wà tí wọ́n kọ́ ẹsẹ̀ mi nìkan, mo pàdánù. Ọdún kan wà tí wọ́n tọ́jú ọkàn mi nìkan, mo tún pàdánù. Pápá kan náà ni kí o ti kọ́ wọn méjèèjì, ní wákàtí kan náà. Má kó àwọn ọmọ jọ sínú kíláàsì lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje kí o máa wàásù fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Ẹni tó ń bẹ̀rù ti mọ̀ pé òun ń bẹ̀rù.

Èkejì. O mọ Bàbá Ńdàgí, káfíńtà ará Núpé tó ń ra ìṣó lọ́wọ́ mi, tó gbọ́ Yorùbá torí ó gbé Ìlọrin pẹ́. Mo ti ń wo ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Kó tó gbá ìṣó, ó máa kọ́kọ́ fi òòlù kan orí rẹ̀ pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló máa wá gbá a. Láàárọ̀ yìí tó wọlé, tó kí mi pé, "Sànnu, Mama Ìṣó," mo bi í léèrè.

Mo ní, "Bàbá, kí ni pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́ yẹn wà fún?"

Ó ní, "Mò ń sọ fún ọwọ́ mi pé iṣẹ́ ti dé."

"Ọwọ́ yín ní etí?"

"Tèmi ní. Tìrẹ tó ń tètè gbọ́ ìró owó ńkọ́?"

Nígbà tá a rẹ́rìn-ín tán, ó ní títí di òní, tí òun bá wà lórí òrùlé gíga, tí onílé dúró nísàlẹ̀ tó ń wo òun, àyà òun ṣì máa ń já. Ó ní ṣùgbọ́n tí òun bá ti kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ òun ò tún mọ̀ bóyá ilé olówó ni òun wà tàbí ilé adìẹ.

Ṣeun, wá irú rẹ̀ fún Débórà. Nǹkan kékeré tó jẹ́ tirẹ̀. Kó gbé ọwọ́ òsì lé ilẹ̀, kó gbé ọ̀tún, kó mí jáde lẹ́ẹ̀kan, kó sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ikùn ara rẹ̀. Jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, má bi í pé kí ni. Kó sì máa ṣe é nígbàkigbà tó bá dé orí ìlà, ní gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi ń sáré. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan ló ṣe é, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta. Ohun tí o sọ fún mi fúnra rẹ nígbà tí o wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, pé wọ́n kọ́ yín bí èèyàn ṣe ń dijú sáré. O wá ní níbi tí o wà báyìí, àwọn ọ̀gá ń wá ife ẹ̀yẹ kíákíá, kò sáyè fún ìjókòó. Wá àyè. Tí ara wọn bá ti gbóná, jẹ́ kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n sá eré náà nínú orí láti ìlà dé òpin: ariwo èrò, ìró pákó, kọ́nà, èémí tó ń gé. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, kó padà sórí ìlà inú orí rẹ̀, kó tún un bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti lajú, kí wọ́n dìde kí wọ́n fi ẹsẹ̀ sá a lójú ẹsẹ̀, kó tó tutù. Ohun tí mi ò rí gbà lórí òkè àdúrà nìyẹn: ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkàn mi ń kọ́ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ariwo tún wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọjà yìí, tí wọ́n bá já páànù sílẹ̀ láti orí lọ́rì, mo máa ń fò, ìṣó á dà nù lọ́wọ́ mi. Báyìí mò ń tòògbé tì í. Mi ò di akíkanjú. Mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ tí ọwọ́ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Nítorí náà kó ariwo wá sí pápá. Gbá pákó yẹn láti ọ̀nà jíjìn lọ́la, sún mọ́ ọn ní ọ̀túnla, kí àwọn ẹgbẹ́ Débórà máa pariwo, kí ó sì máa sáré jáde nínú rẹ̀.

Ìyá Débórà. Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Lọ sílé wọn kí Ọjọ́rú tó dé. Wọ bàtà tó dáa, dọ̀bálẹ̀. Má bá a jiyàn ẹ̀mí, o ò ní borí, kò sì yẹ ọ́. Èmi náà ṣì ń gbààwẹ̀, o mọ̀. Sọ fún un pé, "Mà, ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ dúró fún un. Ẹ bá mi dúró fún un nílé, kí ẹ̀yin gbààwẹ̀, kí òun jẹun, kó sì wá sí pápá lójoojúmọ́." Tó bá kọ̀, pè mí, kí n bá a sọ̀rọ̀. Màá sọ ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn fún un, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì mí.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹnu rẹ. Ẹnu èmi náà ni, o jogún rẹ̀ ni. Tí ọmọ bá ṣàṣìṣe, sọ ohun tó máa ṣe lẹ́yìn èyí fún un, má sọ irú ẹni tó jẹ́ fún un. "Mí jáde kí o tó gbéra" yàtọ̀ sí "o ò ní ọkàn." Ó lè ṣe èkínní lọ́la. Èkejì, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Á kàn gbé e títí á fi rí ọmọ tirẹ̀ tó máa gbé e lé lọ́wọ́.

Mi ò sọ pé Débórà á gba ipò kìíní ní Sátidé o. Ọjọ́ márùn-ún ò tó. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó kúrò lórí ìlà yẹn fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ pé ìwọ lo yọ ọ́. Bí o bá sì ti pinnu, tí o ò ní gbọ́ tèmi, má kàn lẹ orúkọ àwọn yòókù mọ́ pátákó kó wá tirẹ̀ tì. Pè é, wò ó lójú, sọ fún un. Tíṣà mi ò pè mí sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí Bàbá Ńdàgí lọ tán, mo jókòó sórí páálí ìṣó, mo dijú. Mo ní kí n fi ara mi wò ó kí n tó rán an sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo padà sórí ìlà Kàbà. Láti ọjọ́ yẹn wá, tí mo bá ti rántí eré yẹn, kọ́nà ló máa ń parí sí. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ṣubú, ó tán. Lónìí náà, mo ṣubú. Mo padà sórí ìlà. Mo tún ṣubú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gba àkàrà lọ́wọ́ Rẹ̀mí, mo jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó fọn fèrè. Mi ò bojú wẹ̀yìn ní kọ́nà. Mo sá a dé òpin.

Rẹ̀mí ló gba ipò kìíní. Ó fi ìgbésẹ̀ kan jù mí lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi gbà á.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní Kàbà pé kó bá mi wádìí ibi tó wà. Tí a bá rí i, màá lọ kúnlẹ̀. Tó bá lé mi, màá tún padà lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màá wà lábẹ́ máńgòrò yín. Tí Débórà bá wà lórí ìlà, mi ò ní pariwo, mi ò ní pàtẹ́wọ́ kó tó gbéra. Tí o bá ti yọ ọ́, màá wá ibi tó jókòó sí, màá jókòó tì í, àkàrà á wà lọ́wọ́ mi.

Tí wọ́n bá sì gbá pákó, tó bá tún dúró, Ṣeun, jọ̀ọ́, má bi í bóyá ó ti hù síbẹ̀. Pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́, kó mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró dè é níwájú.

Èmi ìyá rẹ ni, tí mo tún padà sórí ìlà.